Odó Tí Wọ́n Ní Ó Ń Jí Kọ̀ǹpútà

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni màmá mi, ṣùgbọ́n Surulere ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni Èkó gba gbogbo ohun tí wọ́n kó wá láti ilé lọ́wọ́ wọn. Èdè Ìjẹ̀ṣà ẹnu wọn ti dà pọ̀ mọ́ ti Èkó, wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń bá ènìyàn jà fún àyè láìtijú, kódà wọ́n ti ń fi ṣúgà mu gààrí. Iyán nìkan ni Èkó kò rí gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn àgbà ló sọ pé iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Bí ẹlòmíràn bá pa òwe yẹn, ó ń ṣeré ni. Màmá mi gbà á gbọ́ bí wọ́n ṣe gba Bíbélì gbọ́.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan ni bàbá wa kọ́ kí wọ́n tó kú. Èmi àti màmá ń gbé òkè, ayálégbé ń gbé ìsàlẹ̀. Ilé náà há débi pé bí ẹnì kan bá sín ní yàrá, ẹni tó wà lẹ́nu géètì á kí i pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni odó màmá wà, lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri pálọ̀ ayálégbé. Ibẹ̀ ni bàbá gbé e sí, kò sì sí ẹni tó dá a láṣà láti gbé e kúrò.

Èmi obìnrin ni àkọ́bí. Àbúrò mi ọkùnrin méjì ló tẹ̀lé mi. Èyí àgbà ń gbé Ìdí-Àràbà pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, àbíkẹ́yìn wa sì ń gbé nítòsí Costain. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màmá á gbé iṣu kaná. Iṣu náà á pọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń ṣe ìkómọ. Wọn kò ní pe ẹnikẹ́ni, wọn kò tilẹ̀ ní bojú wo fóònù. Wọ́n á kàn ní kí n gbé ọmọ odó, kí n bẹ̀rẹ̀.

Mo máa ń kùn. Mo máa ń sọ pé, "Màmá, tí wọn ò bá wá ńkọ́? Ta ló máa jẹ gbogbo èyí?"

Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀. "A kì í bẹ ọmọ kó tó wá jẹun nílé ìyá rẹ̀. Odó á pè wọ́n."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí bí ìró odó ẹ̀yìnkùlé wa ṣe lè dé Ìdí-Àràbà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti Costain. Síbẹ̀ wọ́n ń wá. Kí n tó gún un dé ìdajì, géètì á ti máa dún. Àbúrò mi àgbà á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ ara àtẹ̀gùn, á gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, á ní kí n lọ jókòó pé ọwọ́ mi ò lágbára. Àbíkẹ́yìn á mú ọmọ odó kejì. Bí ti èkíní bá ń lọ sókè, ti èkejì á máa bọ̀ nílẹ̀, gbì, gbì, gbì, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á sì máa fò sókè sódò yí wọn ká. Màmá á dúró tì wọ́n pẹ̀lú abọ́ omi, wọ́n á máa fi wọ́n ṣẹ̀sín pé ọmọ Èkó ò mọ iyán gún, pé bàbá wọn nìkan gan-an á ti gún un tán. Bí mo bá ń rántí ìdùnnú màmá mi, ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i.

Lẹ́yìn náà ni ayálégbé tuntun kó wá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú oyún àkọ́kọ́. Ó ń bá àwọn òyìnbó kan tí kò fojú rí rí ṣiṣẹ́, ó ń bá wọn gé fídíò, ó ń tò ó pọ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ló gbé sórí tábìlì ní pálọ̀, òun àti ínfátà tó ń tọ́jú iná pa mọ́ de ìgbà tí iná ìjọba bá lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ àwọn òyìnbó náà lọ́wọ́.

Ó ṣàlàyé fún wa nígbà tó yá pé òun kì í pa kọ̀ǹpútà náà lópin ọ̀sẹ̀. Bí òun bá pa á, gbogbo iṣẹ́ tí òun ti ṣí kalẹ̀ á tú ká, á sì pẹ́ kó tó tún tò. Òun máa ń mú un sùn ni. Bó bá ti sùn, ojú rẹ̀ á ṣú, kò ní fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, iṣẹ́ á sì wà níbi tí òun fi í sí. Lẹ́yìn náà ni òun àti ìyàwó òun á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, èyí tí kì í jáde bọ̀rọ̀.

Ìṣòro tó wá débá a ni pé, bí wọ́n bá ti dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á bá kọ̀ǹpútà náà lójúfò. Ojú rẹ̀ á tàn yòò nínú pálọ̀ tí kò sí ẹnì kankan, ínfátà á máa ké pé iná ti fẹ́ tán nínú òun. Bí iná ìjọba kò bá wá títí ilẹ̀ fi mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ á pẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà ti kọ̀wé sí i pé òun kò ṣe mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti fi òróró àdúrà pa kọ̀ǹpútà náà lórí, ó ti lé gbogbo ẹ̀mí tí kì í jẹ́ kí nǹkan sùn jáde, síbẹ̀ kò sùn.

Ní Sọ́ńdè kan, ara ìyàwó rẹ̀ kò yá, wọn kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ jókòó tì í ní pálọ̀. Bí ọmọ odó àkọ́kọ́ ṣe balẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kọ̀ǹpútà tàn. Ó tún mú un sùn. Gbì, ó tún tàn.

Orí àga ni mo wà lókè, tí iyán ti kún ikùn mi, nígbà tó kanlẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi mà. Odó yín ló ń jí kọ̀ǹpútà mi."

Ẹ̀rín pa wá. Àbúrò mi àgbà rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá kò rẹ́rìn-ín pẹ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ fojú ara wọn rí i. Iyán díẹ̀ ṣì kù nínú odó, wọ́n ní kí àbíkẹ́yìn lọ gún un. Ọmọ odó balẹ̀, pálọ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tan àtùpà.

"Jésù!" Màmá fò sẹ́yìn. Láti ìgbà náà kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ṣiyèméjì mọ́. A ti rí i. Ìgbọ̀nrìrì odó ló ń wọnú àpótí kọ̀ǹpútà lọ tó ń ta á jí. Ta ni ìbá sọ fún wa pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

A sì gbìyànjú o. Màmá fi àpò ìrẹsì tí wọ́n ká pọ̀ tẹ́ ìdí odó. Ayálégbé gé fóòmù, ó fi tìmùtìmù sábẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà náà bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ́ ibùsùn fún ọmọ tuntun. Kò yí padà. Tábìlì náà kò ṣeé gbé lọ síbòmíràn nítorí ara ògiri yẹn nìkan ni wáyà ínfátà dé. A gbé odó lọ sókè, gbogbo ilé gbọ̀n, ó tún burú sí i. Iwájú ilé ló kù, màmá sì ní àwọn kò ní gúnyán lójú títì kí àwọn tó ń kọjá lọ máa ka iye òkèlè tí àwọn ń jẹ.

Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ilé wa nìyí. Ṣé ayálégbé ló máa wá sọ bí onílé ṣe máa jẹun ni? Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó kó jáde."

Màmá wò mí títí ojú fi tì mí.

"Ọmọ yìí fẹ́ di bàbá," ni wọ́n sọ. "Ibi tó ti ń rí oúnjẹ nìyẹn. Oúnjẹ mi ò gbọdọ̀ ba oúnjẹ ẹlòmíì jẹ́."

Wọ́n fọ odó náà mọ́, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n ní àwọn á simi díẹ̀ títí iṣẹ́ ọmọkùnrin náà á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu wọn bí ìgbà tí wọ́n bá ní ká pa fáànù.

Bí pọ́ńdò ṣe wọ ilé wa nìyẹn, ìyẹ̀fun iṣu tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá, tí a ń fi omi gbígbóná rò bí ọkà. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, àwọn ọkùnrin wa méjèèjì dé. Wọ́n bá odó tó dorí kodò, wọ́n dúró lẹ́yìnkùlé, wọn kò mọ ohun tí wọ́n á fi ọwọ́ wọn ṣe. Wọ́n jẹun, wọ́n dúpẹ́, wọ́n tètè lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, àbíkẹ́yìn nìkan ló ń wá. Nígbà tó tún ṣe, òun náà ní ìpàdé kan ń bẹ ní àdúgbò àwọn lọ́sàn-án Sọ́ńdè. Mo fi fóònù bá àbúrò mi àgbà wí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, pọ́ńdò wà nílé tiwa náà. Ṣé nítorí pọ́ńdò ni kí n ṣe kó ọmọ jáde nínú oòrùn?"

Kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jà nínú wọn. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ká ní ìjà ni, a mọ bí a ṣe ń parí ìjà, a ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí, ẹni tó jẹ̀bi á tọrọ gáfárà, a ó sì jẹun. Èyí kàn ń yọ́ lọ bẹ́ẹ̀ ni. Màmá sì ń se ọbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀, ìkòkò ńlá. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, wọ́n á bù ú sínú abọ́, wọ́n á ní kí n gbé e fún àwọn aládùúgbò.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n."

"Pe ta ni? Wọn ò gbàgbé ọ̀nà."

Èmi tí mò ń gbé pẹ̀lú wọn mọ̀ pé wọ́n ń fetí sí géètì. Bí ó bá dún lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ọwọ́ wọn á dúró lórí ohunkóhun tí wọ́n bá ń ṣe. Tó bá wá jẹ́ pé ayálégbé ló wọlé, ọwọ́ wọn á tún máa bá iṣẹ́ lọ. Ọmọ tí ìyàwó ayálégbé bí ti ń di ògiri mú rìn kí a tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ọ́fíìsì kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yaba, a ń bá ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà mìíràn fún mi. Dúrọ́ọ̀ tábìlì àǹtí kan tó jókòó tì mí máa ń há, ipá ni wọ́n fi ń fà á. Bí wọ́n ṣe fà á lọ́jọ́ kan, tábìlì wa mì, kọ̀ǹpútà mi tó ti sùn sì lajú. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo sọ ìtàn odó màmá fún wọn.

Àǹtí náà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin le gan-an o. Kí ló kan odó níbẹ̀? Máòsì yín yìí ni."

Wọ́n gbé e sókè, ohun kékeré tí a fi ń darí ọfà ojú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí kò ní wáyà. Wọ́n fi iná pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn mí. Wọ́n ní ojú rẹ̀ nìyẹn, bó bá ti sún bíńtín lórí tábìlì, á rò pé ènìyàn ló fọwọ́ kan òun, á sì lọ jí kọ̀ǹpútà. Wọ́n wọ ibi tí kọ̀ǹpútà to àwọn nǹkan rẹ̀ sí, wọ́n ṣí ti máòsì, wọ́n lọ síbi ọ̀rọ̀ iná. Tíìkì kékeré kan wà níwájú ìlà tó ní kí máòsì ní àṣẹ láti jí ẹ̀rọ. Wọ́n yọ ọ́.

"Ó tán. Kíbọ́ọ̀dù lẹ máa tẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ jí i."

Wọ́n gbá tábìlì. Kọ̀ǹpútà ń sùn lọ.

Mo rò pé inú mi á dùn. Kò dùn rárá. Mo jókòó, mo ń rántí fóòmù. Àpótí la tẹ́ ibùsùn fún, tí máòsì ayálégbé jókòó gbayawu lórí tábìlì lójú gbogbo wa. Ká ní ayálégbé ti dojú rẹ̀ sókè kí ó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kó jù ú sórí àga, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ohun tí ọmọdé lè fi ìka kan ṣe la fi gbogbo Sọ́ńdè màmá mi san.

Nígbà tí mo délé, mo ya ọ̀dọ̀ ayálégbé kí n tó gòkè. A yọ tíìkì náà pọ̀. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi ìdí ọmọ odó gbá ògiri. Ayálégbé ní omi inú ife òun mì, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà ṣú sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Àǹtí, ṣé èyí náà nìyí? Haa. Mo ti ṣẹ Màmá."

Ó sáré gòkè lọ dọ̀bálẹ̀, ó kọ̀ kò dìde. Màmá gbọ́ gbogbo àlàyé wa tán.

"Nítorí náà, kì í ṣe odó mi?"

"Kì í ṣe odó yín, mà. Máòsì ni."

"Gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀yin méjèèjì ò gbé e kúrò lórí tábìlì wò rí?"

Màmá ní kó dìde nílẹ̀, pé àwọn á ra iṣu ní Sátidé.

Wọ́n bu omi sínú odó láti àṣálẹ́ Sátidé kí igi rẹ̀ tó ti gbẹ lè mu. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, iṣu tí wọ́n gbé kaná pọ̀ bíi ti àtijọ́. Mo mú fóònù, mo ní kí n pe àwọn àbúrò mi. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi sórí tábìlì ìdáná.

"Má pe ẹnikẹ́ni. Odó á pè wọ́n."

Èmi àti ayálégbé la gún un. Kò gúnyán rí láyé rẹ̀, ó ń la ọmọ odó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń lé eku. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kọ́ ọ bó ṣe máa di ọmọ odó mú. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ dání lójú fèrèsé, ó ń ké sí wa, "Ó ṣì ń sùn o, mà! Ó ń sùn!" Inú gbogbo wa dùn ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mo rí i tí màmá ń wo géètì.

Wọ́n bu iyán náà bí wọ́n ṣe máa ń bù ú. Ti àbúrò mi àgbà tóbi jù, ti ìyàwó rẹ̀, àwọn róbótó kéékèèké fún àwọn ọmọ, ti àbíkẹ́yìn tó máa ń fẹ́ kó le díẹ̀. Wọ́n da ìdérí bò wọ́n. Wọ́n gbé ọbẹ̀ kaná, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n tún gbé e kaná. Wọn kò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wa fọwọ́ kan oúnjẹ. Oòrùn kúrò lórí àtẹ̀gùn. Géètì kò dún.

Màmá wá jókòó tì mí. Wọ́n gbé fóònù mi lé mi lọ́wọ́.

"Bá mi pè wọ́n."

Mo wò wọ́n. "Kí ni kí n sọ, mà?"

"Sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n wá jẹun. Sọ pé mo bẹ̀ wọ́n."

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu màmá mi rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo pe àbúrò mi àgbà. Fóònù mi máa ń pariwo, kò sí ẹni tó jókòó tì mí tí kì í gbọ́ ohun tí ẹni ọ̀hún ń sọ. Mo ní Màmá ní kí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ wá jẹun, pé Màmá bẹ̀ wọ́n.

Ohùn rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. "Màmá? Màmá bẹ̀ mí? Àǹtí, kí ló ṣe Màmá? Ṣé ara wọn ò yá ni? Ṣé kí n máa bọ̀ nísinsìnyí?"

"Ara wọn yá. Iyán ni wọ́n gún."

Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. "Haa, Àǹtí, ẹ já mi láyà. Ọlọ́run ṣeun. A ti jẹun o. Ẹ bá mi kí wọn, ẹ ní ó di Sọ́ńdè tó ń bọ̀."

Màmá ti gbọ́. Wọ́n ní kí n má pe àbíkẹ́yìn mọ́. Wọ́n ṣí abọ́ àbúrò mi àgbà, èyí tó tóbi jù, wọ́n gbé e síwájú ayálégbé tí òógùn ti gbẹ mọ́ lára.

"Jẹun, ọmọ mi," ni wọ́n sọ. "Ó ti ń tutù."